Omi Inú Táyà

Ṣọ́ọ̀kì ni bàbá náà kọ́kọ́ béèrè. Kò béèrè sípánà, kò béèrè jáàkì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan láti ara rímù títí dé etí rọ́bà táyà ẹ̀yìn, ó ní kí dírẹ́bà gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè, kí ó máa wa tírákítọ̀ náà lọ jẹ́jẹ́. Òun alára ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlà funfun yẹn, ó ń ka iye ìgbà tó fi kan ilẹ̀. Nígbà tó pé mẹ́wàá, ó nawọ́ sókè pé kí ó dúró. Ó padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó fẹsẹ̀ wọn ọ̀nà náà: ìṣísẹ̀ 45. Wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ti ohun ìtúlẹ̀ bọlẹ̀. Táyà yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bíi ti àkọ́kọ́, ìṣísẹ̀ 33 ni tírákítọ̀ rìn.

"Ìṣísẹ̀ 12 ti bá afẹ́fẹ́ lọ," ó wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Dísẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ jó síbẹ̀, ẹ ò rí ilẹ̀ kankan tú fi dí i."

Oko ẹ̀gbọ́n mi wà lójú ọ̀nà tó jáde láti Ìsẹ́yìn lọ sí Òkèihò, ní Òkè-Ògùn. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ẹni tó ní àgbàdo í gbìn ló ń wá ẹni tí yóò bá òun tú ilẹ̀. Tòkunbọ̀ ni tírákítọ̀ tí a ń wí yìí. Kékeré ni, irú èyí tí wọ́n fi ń gé koríko tí wọ́n sì fi ń kó yẹ̀pẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 35 lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀ mú. Síbẹ̀, bó bá ti fi díísìkì ohun ìtúlẹ̀ kan ilẹ̀, táyà ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, á máa ha ilẹ̀ bí adìyẹ. Gbogbo ẹni tó wá wò ó ló ní oògùn tirẹ̀. Ọ̀kan ní ká ra táyà tuntun. Òmíràn ní kí ọmọkùnrin méjì máa dúró lé ohun ìtúlẹ̀ lórí kó lè wúwo. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ lóko yín láé. Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀, abẹ́ díísìkì ni yóò bọ́ sí.

Dírẹ́bà ló sọ pé fọkanáísà kan wà nígboro Ìsẹ́yìn, pé táyà tírákítọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Bàbá náà ti lé ní 60 ọdún. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú táyà tírákítọ̀ ìjọba ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí ìjọba ń yá àgbẹ̀ ní tírákítọ̀. Èmi kò mọ̀ pé iṣẹ́ fọkanáísà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ títí mo fi dúró ti ọkùnrin yìí láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe táyà. Ẹ wo ọmọdé tó ń fa àgbò Iléyá lórí ilẹ̀ tí òjò pa. Apá rẹ̀ lè le, okùn lè yi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa yọ̀, àgbò á sì dúró síbi tó wà. Kí bàbá rẹ̀ gba okùn náà, àgbò á rìn. Apá nìkan kọ́ ni bàbá fi ju ọmọ. Ó wúwo lórí ilẹ̀ jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tírákítọ̀. Ẹ́ńjìnnì ni apá, táyà ni ẹsẹ̀. Táyà tó ń fa ohun ìtúlẹ̀ kò lè ṣe kó má yọ̀ rárá. Bó bá pàdánù nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100 ìyí rẹ̀, kò burú. Ti ẹ̀gbọ́n mi ń pàdánù 27.

Nígbà tí tírákítọ̀ kọ́kọ́ dáyé, irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, eyín irin gbọọrọ ló sì fi ń di ilẹ̀ mú. Ọdún 1932 ni ilé iṣẹ́ Allis-Chalmers ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta tírákítọ̀ tó wọ táyà rọ́bà oníafẹ́fẹ́. Rọ́bà gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ ìgbọ̀nrìrì, ó jẹ́ kí tírákítọ̀ lè gba títì, ṣùgbọ́n ìwúwo irin ti lọ. Ọgbọ́n Harry Ferguson, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ púpọ̀: ó fi apá mẹ́ta so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírákítọ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ń fa ohun ìtúlẹ̀ sẹ́yìn, ṣe ni yóò máa tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Apá mẹ́ta yẹn wà lára ti ẹ̀gbọ́n mi náà. Lórí ilẹ̀ àkọ́rọ̀, tí òkè rẹ̀ tutù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì le, kò tó o. Ó ku kí a wá ohun tó wúwo. A lè de irin mọ́ rímù, ṣùgbọ́n owó ni irin. Omi kànga kì í ṣe owó.

Bàbá ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi igi dí táyà iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ti jáàkì bọ abẹ́ ọ̀pá irin ẹ̀yìn, ó sì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo rò pé ó tó, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bọ àárín táyà àti ilẹ̀. Ọwọ́ náà kọjá láìfi ara kan nǹkan kan. Ibẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Gíga tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní èrè, ewu nìkan ló ní.

Ó yí táyà títí fáàfù fi wà lókè pátápátá, ó ṣí ọmọrí rẹ̀. Nǹkan funfun kan ti gbẹ mọ́ ìdí fáàfù, ó dà bí iyọ̀ tó yan. Bàbá fi èékánná họ ọ́, ó wò ó lójú oòrùn, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

"Iyọ̀ òyìnbó nìyí," ó wí. "Wọ́n ti rọ omi sí táyà yìí rí."

Ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú omi di yìnyín, ẹnikẹ́ni tó bá rọ omi lásán sí táyà, wàhálà ló ń wá. Yìnyín ń gba àyè ju omi lọ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ìdì yìnyín tó bá sì ń yí gbirigbiri nínú táyà yóò ya túùbù. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń po calcium chloride mọ́ omi. Kò ní í dì, ó sì wúwo ju omi lásán lọ. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí ihò jò, rímù ni yóò máa jẹ. Lóde òní, àwọn ará Amẹ́ríkà ń rọ omi bíìtì sí i, ìyẹn omi tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún ṣúgà lára gbòǹgbò bíìtì. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, lítà kan rẹ̀ wọn nǹkan bíi kílò 1.3, kì í jẹ irin. Wọ́n ń tà á lábẹ́ orúkọ Rim Guard. Ní Òkè-Ògùn, a kò ní ohun tí a ó fi èyíkéyìí nínú wọn ṣe.

Wọ́n bọ́ táyà náà sílẹ̀. Túùbù ti jò láti ọjọ́ pípẹ́, omi iyọ̀ tó kù nínú rẹ̀ kò tó kẹ́ẹ̀gì kékeré, ìpẹtà sì ti jẹ rímù yí ihò fáàfù ká. Ọmọṣẹ́ fẹ́ da omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Bàbá pariwo mọ́ ọn. Ó ní kó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kó gbé e jáde kúrò lóko, nítorí ohunkóhun kò ní í hù níbi tí wọ́n bá dà á sí fún ìgbà pípẹ́. N kò ní fa ọ̀rọ̀ fífọ rímù gùn: wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, wọ́n kùn ún, wọ́n ki túùbù tuntun sí i. Apá kejì náà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe é bákan náà.

Bí táyà ṣe padà sípò rẹ̀, tí fáàfù tún wà lókè, ni iṣẹ́ tí mo wá wò bẹ̀rẹ̀. Fáàfù táyà tírákítọ̀ kò dà bíi ti mọ́tò. Ọ̀pá tínrín inú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá wà nínú ilé kan, ilé náà sì ṣeé tú kúrò lódindi, kí omi lè rí ihò tó fẹ̀ gbà wọlé. Ẹni tó ṣe é ti mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹnìkan yóò fẹ́ rọ omi sí i. Bàbá tú ilé yẹn, ó gbé e sínú fìlà rẹ̀ kó má baà sọnù sínú koríko. Gbogbo nǹkan kékeré tó tú lọ́jọ́ náà, inú fìlà yẹn ló ń kó wọn sí.

Wọ́n ti gbé dúrọ́ọ̀mù sórí píkọ́ọ̀pù kó lè ga ju táyà lọ. Omi kànga ni, ṣùgbọ́n Bàbá kò gbà kí wọ́n dà á sí dúrọ́ọ̀mù láìkọ́kọ́ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ọmọṣẹ́ ń tẹ́ aṣọ funfun sórí ẹnu dúrọ́ọ̀mù, ó ń da kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kọ̀ọ̀kan sí i, iyanrìn àti ewé gbígbẹ ń ṣẹ́kù sórí aṣọ. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo tó bá há sí ẹnu fáàfù, afẹ́fẹ́ yóò máa jò tóóró láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ibi tó ti ń jò.

Láti inú dúrọ́ọ̀mù, rọ́bà gígùn kan wá sí ẹnu fáàfù. Ohun tó so méjèèjì pọ̀ ni mo wò jù. Idẹ ni, kò gùn ju ìka lọ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é, ó ti dán bí òrùka tí wọ́n ti ń lò tipẹ́. Ihò wẹ́wẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi kò lè wọ ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti jáde. Bí táyà bá ti gba omi díẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fún pọ̀, á ti omi padà. Ihò wẹ́wẹ́ yẹn ni ọ̀nà àbájáde. Bàbá fi àtàǹpàkò dí i, omi wọlé, kùlùkùlù, kùlùkùlù. Nígbà tí ohùn omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, ó gbé àtàǹpàkò kúrò: ṣììì! Afẹ́fẹ́ tú jáde. Ó tún dí i. Kò wo ago, kò ka nǹkan kan. Ó kàn ń fetí sí i, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ wà lókè igi igbá tó wà lódì kejì oko. Mo gbìyànjú láti mọ ìgbà tí yóò gbé àtàǹpàkò kí ó tó gbé e. Ìgbà mẹ́fà ni mo gbìyànjú, n kò bá a mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń gbé e díẹ̀ ṣáájú kí etí tèmi tó gbọ́ ìyàtọ̀ kankan.

Lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì kẹta, ó fi ọwọ́ òsì mú òòlù onígi, ó ń lù ú mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ kú: kì, kì, kì. Lójijì ó ṣí sílẹ̀: gbóò. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí ohùn ti yí padà. Ojú omi nìyẹn. Ó mọ ibi tí omi dé nínú rọ́bà dúdú tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè rí inú rẹ̀, bí onílù ṣe ń mọ ibi tí awọ ti dẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì kẹrin àti ààbọ̀ ni omi yọ lẹ́nu fáàfù, ó ṣàn sí ọwọ́ Bàbá. Ó ní kí wọ́n ká rọ́bà.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó kún dáadáa," dírẹ́bà wí. "Ẹ jẹ́ ká yí fáàfù wá sísàlẹ̀, ká fi pọ́ǹpù ti ìyókù wọlé. Tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀, yóò tulẹ̀ jù bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ mi, bó bá kún tán, kì í ṣe táyà mọ́. Òkúta ni."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya táyà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún un. Ara rímù ni fáàfù wà, kì í ṣe ara òkè táyà. Nítorí náà, bí fáàfù bá wà lókè, tí omi sì yọ lẹ́nu rẹ̀, òkè rímù ni omi dé. Àyè tó wà láàrin rímù àti orí táyà ṣì ṣófo. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti di omi, ìdá kan yòókù jẹ́ ti afẹ́fẹ́. Omi kì í súnkì. Táyà tó kún fún omi tán, bó bá gun kùkùté, kò ní ibi tí yóò tẹ̀ sí, ara rẹ̀ ni yóò ya. Afẹ́fẹ́ ìdá kan yẹn ló ń tẹ̀, ló ń gbé dírẹ́bà, ló ń gba ara táyà lọ́wọ́ òkúta. Dírẹ́bà wo àwòrán náà títí, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

Èmi náà kò mọ̀. Mo ti rò pé ìwúwo ni iṣẹ́ náà, àṣé inú àyè tí kò jẹ́ kí omi gbà ni ọgbọ́n rẹ̀ wà.

Ó yọ ilé fáàfù nínú fìlà, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó dá a padà sípò, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Fáàfù ṣì wà lókè nígbà tó fi géèjì wọ̀n ọ́n: 16 PSI. Ó ní ẹni tó bá fi fáàfù sísàlẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìwúwo omi tó wà lórí rẹ̀ yóò parọ́ fún un, omi yóò sì wọ inú géèjì bà á jẹ́. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Èyí tó bá jò díẹ̀, a máa hàn kíá.

Lítà omi kan, kílò kan. Táyà kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí lítà 112. Ẹ ro ó bí ìgbà tí a gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, tó sì tún ṣẹ́kù, láìsí ẹni tó lè wo tírákítọ̀ náà kó mọ̀. Ìwúwo yìí kò sì hàn lára bẹ́árìn àti ọ̀pá irin tí táyà so mọ́, nítorí inú táyà gan-an ló jókòó sí, ilẹ̀ ló ń gbé e. Ìsàlẹ̀ ló wà, èyí tún ń jẹ́ kí tírákítọ̀ dúró dáadáa lẹ́bàá gegele. Ó ní tirẹ̀ lára o. Tírákítọ̀ tó wúwo ń pẹ́ kó tó dúró bí a bá tẹ bíréèkì, Bàbá sì kìlọ̀ fún dírẹ́bà lẹ́ẹ̀mejì pé kó má sáré lójú títì. Ó tún ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi gbà kí wọ́n tún fi irin kún un.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lórí jáàkì. Ìlà ṣọ́ọ̀kì àárọ̀ ti parẹ́, Bàbá fa òmíràn. Ohun ìtúlẹ̀ wọlẹ̀, táyà yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, gbogbo wa ń kà á sókè. Ìṣísẹ̀ 40.

Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ipa táyà. Ó ń fi ìka tẹ erùpẹ̀ tó wà láàrin àmì eyín táyà kan àti èkejì. Àárín rẹ̀ dúró gírí, etí rẹ̀ nìkan ló fọ́ díẹ̀. Ó ní bí gbogbo àmì náà bá fọ́ túútúú, táyà ṣì fúyẹ́. Bí ó bá sì mọ́ kedere bí àmì ẹsẹ̀ nínú amọ̀, ó ti wúwo jù, kí a dín omi kù. Ó rìn tó ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù kan lórí ipa náà, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde, kó tó wá gba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Iṣẹ́ kan kù tí n kò retí. Ó ní kí ọmọṣẹ́ gbé ọ̀dà pupa wá. Ẹni tó bá bọ́ táyà yìí lọ́jọ́ iwájú, tó rò pé afẹ́fẹ́ lásán ló wà nínú rẹ̀, táyà náà lè wó lù ú, kó ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Bàbá nu rímù méjèèjì gbẹ, ó fi ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ kọ ọ́ sí wọn lára gàdàgbà: OMI.